Ẹ̀sìn Méjì Nínú Ilé Kan

Ní apá àríwá Èkìtì, láti Ìkọ̀lé dé Ọyẹ́ títí wọ Ìdó, kò ṣòro láti rí ilé tí ìyá ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ Ìsinmi, tí baba sì ń lọ sí mọ́ṣáláṣí ní ọjọ́ Jímọ́ọ̀. Nígbà tí wọn kò tí ì bímọ, ọ̀rọ̀ náà kì í le púpọ̀. Ọmọ ni ó ń mú ìbéèrè dé.

Kí ìgbéyàwó tó dá irú ilé báyìí sílẹ̀ ni ilé-ìwé ti dá a sílẹ̀. Nígbà tí àwọn ìjọ ń dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ káàkiri, baba tí ń bọ Ògún ní Ìrè lè rán ọmọ rẹ̀ lọ kọ́ ìwé, kí ọmọ sì padà wálé pẹ̀lú orúkọ ìrìbọmi. Irú ìbẹ̀rù yìí wà lára ohun tí ó mú kí àwọn Mùsùlùmí dá ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1923, kí ọmọ wọn lè kàwé láì fi ẹ̀sìn ilé sílẹ̀.

Ti tọkọtaya le ju èyí lọ, nítorí pé ẹ̀sìn kọ̀ọ̀kan ti sọ ohun tí a ó fi kọ́ ọmọ kí a tó bí i. Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo ọmọbìnrin Kátólíìkì kan ní Ìkọ̀lé tí ó fẹ́ fẹ́ Mùsùlùmí. Nínú òfin ìjọ rẹ̀ tí a gbé jáde ní 1917, àwọn méjèèjì ni ó gbọ́dọ̀ ṣèlérí pé gbogbo ọmọ ni a ó fi ẹ̀kọ́ Kátólíìkì tọ́. Ní 1970 ni Póòpù Paul Kẹfà yí èyí padà: Kátólíìkì nìkan ni ó ń ṣèlérí pé òun yóò sa gbogbo ipá òun, a kàn ń fi í tó ẹnì kejì létí ni. Mo ka ìyípadà yìí sí ohun rere. Ní ti ọkọ, Kùránì, nínú Súrà karùn-ún, gba ọkùnrin Mùsùlùmí láyè láti fẹ́ obìnrin Krìstẹ́nì, ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ òfin Ìsìláàmù gbà pé ẹ̀sìn baba ni ọmọ yóò ṣe. Ọmọ kan náà ni ìlérí ìyá àti òfin baba ń fà.

Ọ̀pọ̀ tọkọtaya a máa fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ títí ọmọ yóò fi dé. Orúkọ kì í sábà dá ìjà sílẹ̀: Ayọ̀délé kì í ṣe ti ìjọ kankan, Yúsúfù sì ni Jósẹ́fù. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kẹjọ, ta ni yóò gbàdúrà, àlùfáà ìjọ ni tàbí ààfáà? Àṣà wa pé baba ni ó ni ọmọ a sì parí ẹjọ́ náà láì gbọ́ ti ìyá. Àwọn mìíràn a ní kí ọmọ dàgbà kí ó yàn fún ara rẹ̀. Èyí dùn létí, ṣùgbọ́n ọmọ ọdún márùn-ún ti ń béèrè ibi tí ìyá àgbà tí a sin lánàá lọ.

Òfin ìlú kò lè bá wọn yanjú rẹ̀. Ìwé Òfin Nàìjíríà ti 1999, ní abala 38, sọ pé ilé-ẹ̀kọ́ kò gbọdọ̀ fi dandan kọ́ ọmọ ní ẹ̀sìn tí òbí tàbí alágbàtọ́ rẹ̀ kò fọwọ́ sí. Òbí wo? Abala náà kò sọ bóyá baba ni tàbí ìyá.

Kí ìdána tó dé ni ó yẹ kí àwọn méjèèjì jókòó sọ ọ́: ta ni yóò kọ́ ọmọ ní àdúrà òwúrọ̀, ṣé ilé kéú ni yóò lọ ni, tàbí ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ìsinmi, bí ó bá sì jẹ́ pé ẹ̀sìn baba ni yóò ṣe, ṣé ìyá lè ka Bíbélì fún un? Ìbéèrè ìkẹyìn yìí ni a máa ń gbàgbé jù, ìyá a sì dà bí àlejò lọ́dọ̀ ọmọ tí ó bí. Kí àwọn òbí àgbà pẹ̀lú gbọ́ àdéhùn náà, nítorí ọ̀dọ̀ wọn ni ọmọ ń lò ìsinmi.

Nínú iṣẹ́ olùkọ́ ni mo ti rí fọ́ọ̀mù ọmọ kan rí. Níbi tí a ti béèrè ẹ̀sìn rẹ̀, a kọ ọ̀kan, a fagi lé e, a sì kọ èkejì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú tàdáwà mìíràn. Ọmọ náà dúró níwájú tábìlì mi, ó ń wo ojú mi bóyá n óò bi í léèrè.