Kí Ẹ Tó Tọwọ́ Bọ̀wé Lórí Orin Yín

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ọ̀rọ̀ tí a ó jọ sọ lónìí kan gbogbo ẹni tí ń fi ọpọlọ ara rẹ̀ gbé orin kalẹ̀, ìbáà ṣe jùjú, ìbáà ṣe fújì, ìbáà ṣe orin ṣọ́ọ̀ṣì. Bí orin bá dùn, kò ní pẹ́ tí ẹnì kan yóò fi wá sọ pé òun fẹ́ lò ó: oníṣòwò àwo, onífíìmù, tàbí ẹni tí ó fẹ́ fi polówó ọṣẹ. Yóò mú ìwé kan dání, yóò sì ní kí ẹ tọwọ́ bọ̀ ọ́. Kí ni ó wà nínú ìwé náà? Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò nìyẹn.

Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí ẹ mọ̀ ni pé ohun ìní méjì ni ó wà níbẹ̀. Èkíní ni orin fúnra rẹ̀, èyí ni ọ̀rọ̀ àti ohùn tí ẹ ronú kàn. Èkejì ni èyí tí a ká sílẹ̀ nílé ìgbohùnsílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a máa pe èyí ní àwo, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń gbọ́ ọ báyìí. Àwo sábà máa ń jẹ́ ti ẹni tí ó náwó sí i. Bí ẹgbẹ́ mẹ́ta bá ká orin yín, àwo di mẹ́ta, ṣùgbọ́n orin kò ju ẹyọ kan lọ, tiyín sì ni. Nítorí náà, onífíìmù tí ó fẹ́ lo àwo kan gbọ́dọ̀ gba àyè lẹ́ẹ̀mejì: lọ́wọ́ ẹni tí ó ni orin àti lọ́wọ́ ẹni tí ó ni àwo. Bí ẹnì kan bá ní àwo ni òun fẹ́ rà, ẹ wò ó dáadáa kí ó má baà kó orin mọ́ ọn lọ.

Ohun kejì ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín títà àti yíyáni. Ọmọ àgbẹ̀ mọ èyí. Bí àlejò bá dáko lórí ilẹ̀ yín, yóò máa san ìṣákọ́lẹ̀ lọ́dọọdún. Bí ó ti wù kí kòkó so tó, ilẹ̀ kò di tirẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ta ilẹ̀ náà, ìṣákọ́lẹ̀ parí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni orin rí. Ìwé kan lè jẹ́ ìyọ̀ǹda, tí a fi yá orin fún ìlò kan, fún ìgbà kan. Òmíràn lè jẹ́ títà pátápátá. Òfin Nàìjíríà ti ọdún 2022 lórí ẹ̀tọ́ aṣẹ̀dá sọ pé títà gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ìyọ̀ǹda tí a fún ẹnì kan ṣoṣo, tí kò fi àyè sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Òfin kan náà ni ó sọ pé ẹ̀tọ́ orin wà ní gbogbo ọjọ́ ayé ẹni tí ó ṣe é, àti 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ẹni tí ó bá ta orin rẹ̀, oúnjẹ ọmọ-ọmọ rẹ̀ wà nínú ohun tí ó tà.

Ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Gúúsù Áfíríkà. Ní ọdún 1939, ọmọ Súlú kan, Solomon Linda, àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ká orin kan ní Johannesburg. "Mbube" ni wọ́n pè é, èyí ni "kìnnìún" ní èdè Súlú. Ṣílè 10 ni Linda gbà lórí ẹ̀tọ́ orin náà. Orin yìí kọjá sí Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1961, ẹgbẹ́ Tokens fi ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́, a pè é ní "The Lion Sleeps Tonight", ó sì tàn ká gbogbo ayé. Ní ọdún 1962, Linda kú nínú òṣì. Ní ọdún 1994, a gbọ́ orin náà nínú fíìmù "The Lion King". Ohun tí ó ran àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ lọ́wọ́ ni òfin kan tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní ọdún 1911, tí ó ní ẹ̀tọ́ tí ẹnì kan ti tà yóò padà sọ́wọ́ àwọn ajogún rẹ̀ ní 25 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Wọ́n pẹjọ́ ní ọdún 2004, a sì parí rẹ̀ ní ọdún 2006 pẹ̀lú àdéhùn pé a ó máa sanwó fún wọn. Ọdún 67 ti kọjá lẹ́yìn tí a ká orin náà.

Àwọn baba wa ní bí ebi bá wọ inú, ọ̀rọ̀ mìíràn kì í wọ̀ ọ́. Ìdí nìyí tí owó àsansílẹ̀ fi ń tan ènìyàn. Owó yìí kì í ṣe ẹ̀bùn. Ó dà bí owó tí àgbẹ̀ fi oko kòkó dógò gbà: kòkó ni yóò san án. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ mú pẹ́ńsùlù. Ká ní a fún yín ní ₦500,000, tí ìpín yín sì jẹ́ ₦20 nínú ₦100 kọ̀ọ̀kan tí ó bá wọlé. Kí ìpín yín tó lè san gbèsè náà tán, ₦2,500,000 gbọ́dọ̀ wọlé. Bí wọ́n bá tún ka ₦300,000 owó fídíò mọ́ ọn, gbèsè di ₦800,000. Ó di ìgbà tí ₦4,000,000 bá wọlé kí ẹ tó rí kọ́bọ̀ kan sí i. Nítorí náà, ẹ bèèrè ìnáwó tí a ó yọ nínú ìpín yín, àti bóyá ẹ ó dá owó padà bí orin kò bá tà.

Ẹ tún bèèrè àwọn nǹkan wọ̀nyí: Kí ni wọ́n fẹ́ fi orin ṣe? Ní ilẹ̀ wo? Fún ọdún mélòó? Ṣé àwọn nìkan ni, àbí ẹ lè yá ẹlòmíràn? Ìgbà wo ni wọn ó sanwó, ṣé ẹ sì lè yẹ ìwé owó wọn wò? Bí onífíìmù bá kọ ọ́ pé òun ó lo orin yín fún ohunkóhun, ní gbogbo ayé, títí láé, ẹ ní kí ó kọ orúkọ fíìmù náà àti iye ọdún. Bí kò bá lè fi owó kún owó, ó lè dín ọdún kù, tàbí kí ó fi àyè sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Báyìí ni a ṣe ń dúnàádúrà. Bí kò bá gbà, ẹnu ẹni ni a fi ń kọ "mé jẹ".

Bí ẹ bá sì jọ gbé orin kalẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rẹ́, ẹ kọ ìpín oníkálukú sílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ tọwọ́ bọ̀ ọ́. Ní ti ìwé àdéhùn, ẹ mú un lọ sílé, kí ẹ fi han lọ́yà tí ó mọ ọ̀rọ̀ orin. Bí ẹni tí ó mú un wá bá ní kò gbọdọ̀ di ọ̀la, ẹ dá a padà fún un.

Ó dìgbà kan ná, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi.