Ìwé Oṣù Mẹ́fà

Iṣẹ́ mi ni kí n ka ìwé ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà kó tó dé ilé ìtẹ̀wé. Ẹ̀yìn ìwé ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀, níbi tí òǹkọ̀wé to orúkọ àwọn ìwé tó gbára lé sí. Bí mo bá ti rí Internet-Draft níbẹ̀, ìlà pupa dé nìyẹn. N kì í pa á rẹ́ o, àmọ́ òǹkọ̀wé yóò ṣàlàyé.

IETF, ẹgbẹ́ tó ń ṣètò ìlànà íntánẹ́ẹ̀tì, ti wà láti ọdún 1986. Ẹnikẹ́ni tó bá ní àbá lè kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wọn. Àbá yẹn ni Internet-Draft. Oṣù mẹ́fà péré ló ní láyé. Bí ẹ̀dà tuntun kò bá rọ́pò rẹ̀, ó ti kásẹ̀ nílẹ̀. Èyí tó bá yege ló ń di RFC, tó ń gba nọ́ńbà tirẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò sì ní fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ mọ́. RFC 1, tó jáde ní oṣù Kẹrin ọdún 1969, ṣì wà níbẹ̀ títí dòní.

Ara Internet-Draft gan-an ni wọ́n kọ ìkìlọ̀ sí: kí ẹnikẹ́ni má fi ṣe ẹ̀rí, àfi bó bá sọ pé iṣẹ́ ṣì ń lọ lórí rẹ̀. Ojú ìkìlọ̀ yìí ni àwọn òǹkọ̀wé ń gbà kọjá bí ẹni tí kò rí i.

Ẹ wo WebSocket, ìlànà tó ń jẹ́ kí bùráúsà àti sáfà máa tàkurọ̀sọ láìjá okùn. Ní 2010, Chrome àti Safari ti ń lò ó nígbà tó ṣì jẹ́ àbá. Nígbà yẹn, kọ́kọ́rọ́ méjì ni bùráúsà ń fi ránṣẹ́ kí sáfà tó gbà á wọlé, pẹ̀lú báìtì mẹ́jọ lẹ́yìn wọn, MD5 ni sáfà sì fi ń ṣírò èsì. Nígbà tí RFC WebSocket, ìyẹn RFC 6455, fi máa jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2011, kọ́kọ́rọ́ ti di ẹyọ kan, SHA-1 ti gbapò MD5. Ọmọ tó bá ra ìwé àlòkù ọdún 2010 yóò tẹ gbogbo rẹ̀ bó ṣe wà níbẹ̀, sáfà kò ní dá a lóhùn, yóò sì máa rò pé orí òun ni kò pé.

Orúkọ draft kọ̀ọ̀kan ló ní nọ́ńbà méjì nídìí, láti 00 lọ sókè. Ti WebSocket dé 17 lọ́wọ́ IETF. Ẹni tó wá kọ “draft WebSocket” lásán, èwo nínú méjìdínlógún ló ń sọ?

Síbẹ̀, n kò sí lẹ́yìn àwọn tó ní ká má dárúkọ draft rárá. WPAD ni kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì fi ń wá proxy, ìyẹn sáfà alárinà, fúnra rẹ̀. Draft rẹ̀ kú ní 1999, kò di RFC, síbẹ̀ Windows ń lò ó. Ẹni tó fẹ́ ṣàlàyé WPAD, kí ni kó tọ́ka sí bí kò ṣe òkú ìwé náà? Kó kọ orúkọ rẹ̀ délẹ̀délẹ̀, nọ́ńbà ẹ̀dà, ọjọ́ tó jáde, àti pé kò parí.

Bí RFC bá sì jáde kí ìwé tó wọ ẹ̀rọ, kí òǹkọ̀wé padà ka orí tó kọ látòkèdélẹ̀. Àwọn kan a kàn pààrọ̀ nọ́ńbà lẹ́yìn ìwé, wọ́n a fi kọ́kọ́rọ́ méjèèjì sílẹ̀ ní orí karùn-ún.