Ọkọ̀ tó ń gbé oúnjẹ ọdún kan gba inú yìnyín kọjá

Bí òjò bá ti ba ọ̀nà oko jẹ́ ní Ọ̀nà-Àrà tàbí Lágelú, ẹ mọ bó ṣe ń rí: lọ́rì ò ní wọlé, iyọ̀ á wọ́n, ẹni tó ní jẹnẹrétọ̀ á máa ṣọ́ epo lò. Ṣùgbọ́n ọ̀kadà á ṣì gbìyànjú. Ẹ wá ro ibi tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni ọkọ̀ ẹrù ń dé.

Ibẹ̀ ni SANAE IV, ilé ìwádìí Gúúsù Áfíríkà ní Antarctica. Nǹkan bí èèyàn mẹ́wàá ló ń gbé ibẹ̀ nígbà òtútù, tí oòrùn ò ní yọ fún bí oṣù méjì. Ọkọ̀ tó ń bá wọn gbé ẹrù ni S.A. Agulhas II. Finland ni wọ́n ti ṣe é, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2012, ó sì gùn ní mítà 134.

Oṣù Kejìlá ló máa ń kúrò ní Cape Town. Nígbà tí ọyẹ́ bá ń la wa létè ní Mọ́níyà, ìgbà ooru ni tiwọn lọ́hùn-ún, yìnyín orí òkun á ti dín kù. Bí wọ́n bá pẹ́ jù, òkun á tún dì.

Ẹ má rò pé ńṣe ló ń gé yìnyín bí ọ̀bẹ o. Imú ọkọ̀ náà á gun orí yìnyín, ìwọ̀n ara rẹ̀ á sì tẹ̀ ẹ́ fọ́. Yìnyín tó nípọn tó mítà kan, bíi kìlómítà mẹ́sàn-án ló lè rìn nínú rẹ̀ ní wákàtí kan. Ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ lọ sóko á yà á sílẹ̀! Èyí tó bá nípọn jù, wọ́n á fà sẹ́yìn, wọ́n á tún kọlù ú. Kì í ṣe eré rárá: yìnyín ló há ọkọ̀ Endurance mọ́, tó fún un pa títí ó fi rì ní 1915. Agulhas II yìí ló gbé àwọn tó wá a rí lọ síbẹ̀, ní oṣù Kẹta 2022, nísàlẹ̀ omi tó jìn ní mítà 3,008.

Bí wọ́n bá já ẹrù sórí yìnyín tán, katakata á wọ́ ọ lọ síbi tó jìn ju Ìbàdàn sí Èkó lọ. Lójú tèmi, dísẹ́ẹ̀lì ṣe pàtàkì ju oúnjẹ lọ: iná tó ń mú ilé gbóná, tó tún ń yọ́ yìnyín di omi mímu, ọwọ́ rẹ̀ ló wà.

Ìwádìí ńkọ́? Ojú ọ̀nà ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Ihò kan wà láàárín ọkọ̀ tó la ìdí rẹ̀ já. Ibẹ̀ ni wọ́n ń gbà sọ ẹ̀rọ sínú òkun bí yìnyín bá yí wọn ká. Wọ́n ń wọn iyọ̀ omi, bó ṣe tutù sí, àti èéfín káábọ́ọ̀nù tó wọnú rẹ̀, torí òkun yẹn ń gba púpọ̀ nínú èyí tí mọ́tò àti jẹnẹrétọ̀ gbogbo ayé ń tú jáde.

Nígbà tí wọ́n bá ń padà, àwọn tó ti lo ọdún kan níbẹ̀ á wọlé, pẹ̀lú ìdọ̀tí wọn. Òfin ò gbà kí wọ́n dalẹ̀ síbẹ̀.