Àwìn, ìdógò, èsúsú: bí a ṣe lè fi èdè Yorùbá ṣàlàyé ìtàn ìsanwó fún ẹni tí wọn kò fún ní káàdì àwìn ní Amẹ́ríkà

Àkótán. Ẹni tó bá ti Kétu, Ṣábẹ̀ tàbí Àjàṣẹ́ lọ gbé Amẹ́ríkà lè béèrè káàdì àwìn ní báńkì kí wọ́n má fún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè rí. Àpilẹ̀kọ yìí ṣàlàyé ìdí rẹ̀ àti ohun tí olúwarẹ̀ lè ṣe. Ó tún fi hàn pé àwọn ọ̀rọ̀ tí Yorùbá ti ní tipẹ́ tó láti ṣe àlàyé náà.

Àwọn ọ̀rọ̀ pàtàkì: àwìn, gbèsè, ìdógò, onígbọ̀wọ́, èsúsú, ìtumọ̀.

1. Ìṣòro náà

Lọ́dọ̀ wa, ẹni tí kò jẹ gbèsè ni à ń yìn. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tí kò yáwó rí kì í ṣe ẹni rere tàbí ẹni burúkú lójú báńkì: ẹni tí wọn kò mọ̀ ni. Báńkì kò mọ ìdílé rẹ̀, kò sì mọ ẹni tó ń bá a tajà lọ́jà. Ohun tó máa ń wò ni àkọsílẹ̀ tí ilé-iṣẹ́ mẹ́ta, Equifax, Experian àti TransUnion, ń tọ́jú nípa bí oníkálukú ṣe ń san owó tó yá. Bí wọn kò bá rí nǹkan kan níbẹ̀, lẹ́tà ni yóò dé pé wọn kò lè fún un ní káàdì.

Ibi lẹ́tà yìí ni ìṣòro ìtumọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Inú ọ̀rọ̀ ìṣe Látìnì kan, credere, tó túmọ̀ sí «gbà gbọ́», ni crédit ti wá. Atúmọ̀ tó bá tẹ̀ lé ìpilẹ̀ yìí lè sọ fún àgbàlagbà kan pé: «Wọ́n ní ẹ kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé.» Èébú ni èyí jẹ́ létí Yorùbá. Ẹni tó gbọ́ ọ lè ju lẹ́tà náà nù tìbínú-tìbínú, bẹ́ẹ̀ ẹ̀tọ́ rẹ̀ wà nínú lẹ́tà ọ̀hún. Ìtumọ̀ tó tọ́ ni: «Wọn kò tíì ní àkọsílẹ̀ bí ẹ ṣe ń san owó.» Ọ̀rọ̀ kejì yìí kò kan ìwà ẹni, ó sì jẹ́ kí a mọ̀ pé nǹkan náà ṣeé tún ṣe.

2. Àwọn ọ̀rọ̀ tí a ní

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo yá. Nínú «Mo yá Àdùkẹ́ lówó», èmi ni mo fún un. Nínú «Mo yá owó lọ́wọ́ Àdùkẹ́», èmi ni mo gbà á. Faransé ní ọ̀rọ̀ ìṣe méjì fún èyí, prêter àti emprunter. Ní Yorùbá, ní àti lọ́wọ́ ló ń fi ibi tí owó gbà hàn. Nítorí náà, ó yẹ kí atúmọ̀ yẹra fún «ẹni tó yá owó», kí ó sì lo ayánilówó fún ẹni tó fúnni, ayáwó fún ẹni tó gbà.

Àwìn yàtọ̀ díẹ̀. Ọjà ni a ń gbà láwìn, owó rẹ̀ yóò tẹ̀ lé e. Ohun tí káàdì wọ̀nyí ń ṣe gan-an nìyẹn: a gbé ọjà lónìí, báńkì san owó fún ọlọ́jà, àwa sì san án fún báńkì nígbà tí ìwé oṣù bá dé. Ìdí nìyí tí a fi yan káàdì àwìn. Ó tún yọ wá nínú ìdàrúdàpọ̀ kan, torí pé nínú Faransé ẹnu wa, ọ̀pọ̀ ń pe káàdì báńkì gbogbo ní carte de crédit, títí kan èyí tó ń fa owó oníǹkan gan-an jáde. Irú káàdì bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àwìn, kì í sì í kọ ìtàn ìsanwó fún ẹnikẹ́ni.

Òwe kan wà tó sún mọ́ ọ̀rọ̀ yìí: «Ẹni tó yá ẹgbẹ̀fà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà ẹgbẹ̀fà.» Ẹgbẹ̀fà ni igba lọ́nà mẹ́fà, ìyẹn 1,200, láti ìgbà owó ẹyọ. Òwe náà sọ̀rọ̀ ẹni tó yá tí kò san. Kò sọ̀rọ̀ ẹni tí kò yá rí. Báńkì Amẹ́ríkà lè ti ọ̀nà mọ́ àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n ti ẹni àkọ́kọ́, igi ló dí ọ̀nà. Ti ẹni kejì, ọ̀nà ni kò tíì sí. Ó yẹ kí a mọ èyí tí ó kan wá kí a tó wá àtúnṣe.

3. Ohun tí wọ́n ń wọ̀n

Máàkì tí ọ̀pọ̀ ayánilówó ń lò ni FICO, tó bẹ̀rẹ̀ láti 300 títí dé 850. Bí ẹnì kan bá ń san owó lásìkò ló kó ìdá 35 nínú 100. Iye tó jẹ lọ́wọ́ kó 30, bí àkọsílẹ̀ náà ṣe pẹ́ tó kó 15, àwìn tuntun kó 10, oríṣiríṣi ẹ̀yáwó tó ní kó 10. Kí FICO tó lè fún ènìyàn ní máàkì rárá, ó kéré tán, ó gbọ́dọ̀ ní àkáǹtì kan tó ti pé oṣù mẹ́fà. A rí i pé kò sí owó oṣù nínú gbogbo èyí: olówó tó pẹ́ kó tó san lè ní máàkì kékeré ju akọ̀wé kékeré tó ń san lásìkò lọ.

4. Lẹ́yìn tí wọ́n bá kọ̀

(a) Ka lẹ́tà náà. Òfin 1974 lórí ìdọ́gba nínú ẹ̀yáwó fún ẹni tí wọ́n kọ̀ ní ẹ̀tọ́ láti mọ ìdí pàtó. Òfin 1970 lórí àkọsílẹ̀ ìsanwó sì fún un ní 60 ọjọ́ láti gba ẹ̀dà àkọsílẹ̀ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tí báńkì bi léèrè. Bí àṣìṣe bá wà nínú rẹ̀, kí ó kọ̀wé tako ó. 30 ọjọ́ ni wọ́n sábà máa ń fi yẹ̀ ẹ́ wò. Kí ó má sáré lọ béèrè ní báńkì márùn-ún mìíràn, torí pé ìbéèrè kọ̀ọ̀kan lè fa máàkì sẹ́yìn díẹ̀.

(b) Fi owó dógò. Yorùbá mọ fífi ilẹ̀ tàbí ohun ọ̀ṣọ́ dógò. Irú káàdì kan wà tó jẹ́ pé a ó kọ́kọ́ fi owó dógò, bíi 200 dọ́là, òǹtẹ̀ àwìn náà yóò sì jẹ́ iye kan náà lọ́pọ̀ ìgbà. A pè é ní káàdì ìdógò. Owó ìdógò kì í ṣe owó ìnáwó: ayáwó ṣì gbọ́dọ̀ san ohun tó rà lóṣooṣù. Ìsanwó yẹn ni wọ́n ń kọ sílẹ̀, nítorí náà kí ó rí i dájú pé báńkì náà ń ròyìn fún ilé-iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí òǹtẹ̀ bá jẹ́ 300 dọ́là, ìmọ̀ràn tó wọ́pọ̀ ni pé kí gbèsè orí rẹ̀ má kọjá 90. Kì í ṣe dandan kí gbèsè ṣẹ́ kù kí máàkì tó gòkè. Ẹni tó san gbogbo rẹ̀ tán kò ní san èlé.

(d) Wọ abẹ́ ẹlòmíràn. Ìbátan tó ní káàdì àtijọ́ tó ń san dáadáa lè fi orúkọ ènìyàn sí i. A fẹ́rẹ̀ẹ́ pè é ní onígbọ̀wọ́, ṣùgbọ́n kò bá a mu. Onígbọ̀wọ́ ń dúró de ìgbà tí ayáwó kò bá lè san. Níhìn-ín, oníkáàdì ló jẹ gbogbo gbèsè láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí oníkáàdì bá pẹ́ sanwó, ó lè ba àkọsílẹ̀ ẹni tó wọ abẹ́ rẹ̀ jẹ́. A dábàá alábàápín káàdì.

(e) Dá èsúsú tí wọ́n ń kọ sílẹ̀. Èsúsú tàbí àjọ tí à ń dá láàárín ara wa, èyí tí Faransé ń pè ní tontine, kì í dé etí báńkì. Ní San Francisco, Mission Asset Fund sọ ọ́ di ẹ̀yáwó aláìlélé tí wọ́n ń ròyìn ìsanwó rẹ̀ fún àwọn ilé-iṣẹ́ àkọsílẹ̀. Ní 2014, ìpínlẹ̀ Kalifóníà fi òfin gba irú rẹ̀ wọlé. Ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ ti rìn jìnnà: wọ́n ń pe irú ìdáwó yìí ní sou-sou ní Trinidad, Abbey Wemimo tí wọ́n bí ní Èkó àti Samir Goel sì sọ ilé-iṣẹ́ wọn ní Esusu. Owó ilé tí ayálégbé ń san lóṣooṣù ni ilé-iṣẹ́ yìí ń ròyìn kí ó lè di ìtàn ìsanwó.

Ní ti ẹni tí igi dí lọ́nà, kí ó san ohun tó ti pẹ́, kí ó sì ní sùúrù. Ìsanwó tó pẹ́ ju 30 ọjọ́ lọ lè wà nínú àkọsílẹ̀ fún ọdún méje, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ ń dín kù bí ìsanwó rere ṣe ń pọ̀ sí i.

5. Nílé ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa mọ́. Ilé-iṣẹ́ àkọsílẹ̀ ẹ̀yáwó, tí Faransé ń pè ní BIC, ti ń ṣiṣẹ́ ní àwọn orílẹ̀-èdè UEMOA, tí Benin àti Togo wà nínú wọn. Nígbà tí wọ́n bá gbé ìwé síwájú oníṣòwò ní Kétu pé kí ó fọwọ́ sí i kí wọ́n lè ròyìn ìsanwó rẹ̀, ó yẹ kí ó yé e ní èdè rẹ̀ ohun tó ń fọwọ́ sí.

6. Ìparí

A dábàá ìtàn ìsanwó fún historique de crédit, máàkì ìsanwó fún score, káàdì àwìn, káàdì ìdógò, alábàápín káàdì, ayánilówó àti ayáwó. Ohun tó so wọ́n pọ̀ ni pé ìsanwó ni wọ́n ń sọ, wọn kò sọ ìwà. Bí a bá di èyí mú, ẹni tí wọ́n kọ̀ yóò gbọ́ pé iṣẹ́ wà níwájú òun, kò ní gbọ́ pé wọ́n bú òun. A ń retí ọ̀rọ̀ tí àwọn òǹkàwé bá gbọ́ lẹ́nu àwọn ọlọ́jà àti àwọn adájọ ní Kétu, Ṣábẹ̀ àti Àjàṣẹ́, kí a lè fi wọ́n wé èyí tí a dábàá.