Apoògùn ayé òde òní láàárín àwọn onídán

Àwọn ọmọ wa tó ń wo dessin animé ará Japan lórí tẹlifóònù lè ti bá èyí pàdé: Isekai Yakkyoku, tí Liz Takayama kọ ìtàn rẹ̀, tí wọ́n sì gbé jáde lọ́dún 2022. A fẹ́ ṣàlàyé ohun tó wà níbẹ̀, torí ọ̀rọ̀ náà kan ilé wa.

Ọkùnrin kan tó ń ṣèwádìí oògùn ni. Kókó inú ọpọlọ ló pa àbúrò rẹ̀ obìnrin, ló bá ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru títí iṣẹ́ fi pa òun náà. Nígbà tó máa lajú, ó ti di Falma, ọmọ ọdún 10, ọmọ apoògùn ààfin, láyé mìíràn tí àwọn ọlọ́lá ti ń pidán. Tó bá wo aláìsàn, ibi tí àrùn wà á máa tàn bí iná. Ọwọ́ òsì rẹ̀ ń dá èròjà oògùn, ọwọ́ ọ̀tún ń mú èròjà pòórá. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: ohun tí orí rẹ̀ kò bá mọ bí wọ́n ṣe tò ó, ọwọ́ rẹ̀ ò lè dá a. Idán ò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀kọ́.

Ikọ́ ife, tí àwọn dókítà wa ń pè ní tuberculose, ló fẹ́ pa Elisabeth, obìnrin tó jọba níbẹ̀. Bàbá Falma tọ́jú ẹ̀ tì. Oògùn ọmọ yìí ló wò ó sàn. Lẹ́yìn náà ló wá ṣí ilé oògùn tí mẹ̀kúnnù náà lè wọ̀, tówó rẹ̀ ò ga. Ibẹ̀ ló dùn mọ́ wa jù, ká má parọ́.

Ẹ jẹ́ ká kúrò nínú ìtàn wàyí. Kò sẹ́ni tí ojú rẹ̀ ń rí àrùn bí iná lọ́dọ̀ wa. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ni wọ́n ń gbà láti yẹ̀ ẹ́ wò. Lọ́dún 1882 ni Robert Koch, ará Jámánì, fi hàn pé kòkòrò ló ń fa ikọ́ ife. Ó ń gba inú afẹ́fẹ́ ràn, kì í ṣe ọwọ́ ayé. Oògùn kan ṣoṣo ò ká a, torí kòkòrò náà ń kọ́ bó ṣe máa yè é. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sábà ń fún èèyàn ní oríṣi oògùn 4 fún oṣù 2, lẹ́yìn náà oríṣi 2 fún oṣù 4. Oṣù 6 gbáko! Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń kùnà: ara á yá díẹ̀, wọ́n á dá oògùn dúró, àrùn á padà wá pẹ̀lú agbára tí oògùn àkọ́kọ́ ò ní ràn mọ́.

Ní Bénin àti Togo, ọ̀fẹ́ ni oògùn ikọ́ ife. Ẹni tó bá wúkọ́ ju ọ̀sẹ̀ 2 lọ, kó lọ ṣàyẹ̀wò. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 tó ń bá aláìsàn gbélé, ẹ mú òun náà dání.