Irun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn: ẹ jẹ́ kó fìdí múlẹ̀ kí ẹ tó gbé ẹrù lé e

 Ọ̀rọ̀ ìlera tòní, irun orí ló dá lé.

Gbogbo wa la ti rí i. Obìnrin tó ti ń fi mẹ́ẹ̀ṣì di irun pinpin láti kékeré, irun ẹ̀gbẹ́ etí rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í sá sẹ́yìn. Ọkùnrin, orí rẹ̀ á máa pá díẹ̀díẹ̀. Látijọ́, gèlè tàbí fìlà la fi ń bò ó. Nísinsìnyí, àwọn tó lówó lọ́wọ́ ń ṣe iṣẹ́ abẹ irun gbígbìn. Àwọn kan ń wọ bàálù lọ sí Istanbul ní ilẹ̀ Tọ́kì, wọ́n á sì padà wálé láàárín ọjọ́ mélòó kan. Dókítà tó ṣe é ti jìnnà, ìtọ́jú wá di ọwọ́ ẹni tó ni orí. Tí kò bá mọ̀ ọ́n tọ́jú, owó á lọ, irun á lọ, àpá nìkan ló máa kù.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Dókítà á gún abẹ́rẹ́ tí kò ní jẹ́ kí èèyàn mọ ìrora, á yọ irun tòun ti gbòǹgbò láti ìpàkọ́, á lu ihò wínníwínní síbi tó pá, á sì fi irun náà sínú ihò wọ̀nyẹn. Dókítà Shoji Okuda ní Japan ti kọ̀wé nípa irú iṣẹ́ yìí ní 1939. Ní 1952, Norman Orentreich ní New York ṣe é fún orí pípá. Òun ló fi hàn pé irun ìpàkọ́ kì í gbàgbé ibi tó ti wá: bí a tiẹ̀ gbìn ín síwájú orí, ìwà irun ìpàkọ́ náà ló máa ń hù. Ìdí nìyẹn tó fi ń pẹ́ lórí.

Ẹ̀yin àgbẹ̀ á tètè yé e. Tí a bá hú ọmọ ata níbi tí a gbin hóró rẹ̀ sí, tí a lọ gbìn ín sóko, ewé rẹ̀ á kọ́kọ́ rọ, àwọn kan á sì já bọ́, kó tó yọ ewé tuntun. Ẹni tó bá ń fà á wò bóyá ó ti mú, òun gan-an ló ń pa á. Bí irun náà ṣe rí nìyẹn.

Ọjọ́ 10 àkọ́kọ́ ló ṣe pàtàkì jù. Ní àwọn alẹ́ àkọ́kọ́, ẹ fẹ̀yìn sùn, kí ẹ fi ìrọ̀rí méjì tàbí mẹ́ta gbé orí sókè. Ní nǹkan bí ọjọ́ kẹta, iwájú orí lè wú, kí wíwú náà sọ̀kalẹ̀ dé ojú. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ ó máa lọ. Èépá kéékèèké á bo ibi tí wọ́n gbìn. Ẹ má họ ọ́, ẹ má ṣí i. Láàárín ọjọ́ 7 sí 14, òun fúnra rẹ̀ á bọ́.

Dókítà ló máa sọ ọjọ́ tí ẹ lè bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀ ọ́. Ọṣẹ tí kò le ni kí ẹ fi hó fọ́ọ̀mù, kí ẹ fi kọ́ọ̀bù da omi lọ́wọ́ọ́rọ́ lé e díẹ̀díẹ̀. Ẹ má fi ọwọ́ gbo ó, ẹ má sì fi táwẹ̀ẹ̀lì nù ún bí ẹni ń nu abọ́. Ẹ má fi ọṣẹ dúdú, kàn-ìn-kàn-ìn, àdín, òrí tàbí ewé gígún sí i. Kì í ṣe pé nǹkan wọ̀nyí burú, ṣùgbọ́n ojú ọgbẹ́ ni orí yẹn ṣì jẹ́.

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ibi tó le fún yín nìyí: ẹrù. Òṣùká á ha irun tuntun dànù, ìwúwo á sì tẹ ibi tí kò tíì jinná. Ẹ má ru ẹrù rárá títí dókítà á fi ní ó tó. Kódà kí ẹ bẹ̀rẹ̀ gbé àpò kúrò nílẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, torí ó ń ti ẹ̀jẹ̀ lọ sórí. Nítorí náà, ẹ má ṣe iṣẹ́ abẹ yìí lásìkò ìkórè tàbí nígbà tí ọdún bá kù sí dẹ̀dẹ̀, àyàfi tí ẹlòmíràn bá máa ru ẹrù fún yín.

Gèlè tó le náà, ẹ dá a dúró. Ẹ̀yin tí ẹ ń kírun, ìforíkanlẹ̀ lè pa irun tuntun lára ní ọjọ́ àkọ́kọ́; aláìsàn lè jókòó kírun, ẹ bi ààfáà yín. Fìlà líle tí à ń dé lórí zémijan náà lè fa irun yọ. Ilé ni kí ẹ jókòó sí lọ́jọ́ wọ̀nyẹn. Ẹ má tìtorí irun gun zémijan láì dé e.

Ohun tó máa ń dẹ́rù ba èèyàn ni èyí: láàárín ọ̀sẹ̀ kejì sí ìkẹjọ, púpọ̀ nínú irun tí wọ́n gbìn á já bọ́. Àwọn kan á ní, "Wọ́n ti lù mí ní jìbìtì." Rárá o. Irun ló já, gbòǹgbò ṣì wà nínú awọ. Ní oṣù kẹta tàbí ìkẹrin, irun tuntun á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ; ní oṣù kẹfà ẹ máa rí i; bí yóò ṣe rí gan-an, ó di nǹkan bí oṣù 12. Ẹ má torí àìní sùúrù ra ìgò òróró kan lọ́jà.

Àmọ́ tí ìrora bá ń pọ̀ sí i dípò kó dínkù, tí ọyún bá ń jáde, tí ara bá gbóná, tí ẹ̀jẹ̀ kò dá, tàbí tí awọ orí bá dúdú bí èyí tó ti kú, ilé ìwòsàn ni, lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má ra oògùn orí tábìlì.

Kí ẹ tó lọ ṣe é, ẹ bi dókítà bóyá ó ti ṣe irun tó ká bíi tiwa rí. Irun wa ń tẹ̀ lábẹ́ awọ, yíyọ rẹ̀ gba ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n. Tí ẹ bá ní àpá tó máa ń wú sókè, bóyá níbi tí wọ́n lu etí yín, ẹ sọ fún un. Ẹ gba ìwé gbogbo oògùn tó lò, kí ẹ sì ti wá dókítà sílẹ̀ nílé.

Èyí tó kẹ́yìn: dídì tó le ló mú irun àkọ́kọ́ lọ, òun náà ló máa mú èkejì. Tí dókítà bá ti gbà kí ẹ tún irun di, kó tóbi, kó rọ̀, kí mẹ́ẹ̀ṣì má wúwo. Irun tí a dì tí kò jẹ́ ká sùn, ẹ tú u lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ̀yin tí irun wínníwínní ṣì kù létí orí yín, ẹ kọ́kọ́ fi dídì tó le sílẹ̀, kí ẹ rí dókítà awọ ara. Ó lè hù padà láìsí iṣẹ́ abẹ. Ẹ̀yin onídìrí, ẹ rọra fún àwọn ọmọdé.