Oúnjẹ Oyin Lórí Ilẹ̀ Ọmọ Òrukàn



Àwọn opó tí wọ́n fẹ́ máa sin oyin ń bi wá léèrè pé níbo ni wọ́n ti lè rí irúgbìn clover rà, nítorí wọ́n gbọ́ pé òun ni àwọn olóyin ìlú òyìnbó ń gbìn fún oyin wọn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí opó tó náwó sí i, ó yẹ kí a ṣe àlàyé.

Súrà kẹrìndínlógún nínú Àlùkùránì Alápọ̀n-ọ́nlé ni an-Nahl, ìyẹn Oyin. Nínú āyah 68 àti 69, ilé tí oyin máa kọ́ ni Ọlọ́hun kọ́kọ́ dárúkọ, oúnjẹ tí yóò jẹ ló tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà ni ohun mímu tí ìwòsàn wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá gbé àpótí oyin kalẹ̀ láìro ti oúnjẹ, ilé nìkan ló pèsè. Oyin ilẹ̀ wa kì í sì í jókòó ti ebi. Bí òdòdó bá wọ́n, gbogbo agbo lè ṣí lọ, kí àpótí ṣófo.

Ẹbí ẹ̀wà ni clover. Èyí tó funfun ni oyin fẹ́ràn, nítorí òdòdó rẹ̀ kò jìn. Ti pupa jìn ju ibi tí ahọ́n oyin lè tètè dé. Àwọn kókó kéékèèké tún wà lára gbòǹgbò rẹ̀. Inú wọn ni àwọn ohun ẹlẹ́mìí tí ojú kò rí ti ń gba nitrogen inú afẹ́fẹ́, tí ilẹ̀ fi ń lọ́ràá. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tútù bíi ti Bìrìtéènì àti New Zealand ló bá a lára mu. Kò lè fara da ooru àti ọ̀gbẹlẹ̀ Ìbàdàn.

Ìbátan rẹ̀ tó gba ilẹ̀ wa ni agunmániyè, igi tó ṣẹ̀ wá láti Mexico àti àárín gbùngbùn Amẹ́ríkà. Gbòǹgbò rẹ̀ ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ IITA, tí wọ́n dá sílẹ̀ n'Íbàdàn ní 1967, fi gbìn ín sáàárín ohun ọ̀gbìn nínú ìwádìí wọn ní àwọn ọdún 1980. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, igi náà á wọ́wé, òdòdó á bo ẹ̀ka rẹ̀, oyin á sì máa kùn lórí rẹ̀.

Ilé gún ilé ní Pópó Yemọja. Kò yẹ kí a gbé oyin sí àgbàlá tí ọmọdé ti ń ṣeré. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọmọ òrukàn ló ní ilẹ̀ bàbá lábúlé, lápá Akínyẹlé, Ìdó, Lágelú tàbí Ọ̀nà-Àrà. Ilẹ̀ tó ṣófo ni ẹlòmíràn máa ń wọ̀. Agunmániyè tó hù ní ààlà jẹ́ ọgbà, ó jẹ́ ẹ̀rí, ó sì jẹ́ oúnjẹ oyin. Súrà an-Nisā’ kìlọ̀ gidigidi lórí dúkìá ọmọ òrukàn. Ọ̀nà kan láti ṣọ́ ọ nìyí.

Bí a ṣe ń gbìn ín rèé:

1. Ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ gé ẹ̀ka tó ti gbó, tó gùn tó mítà kan ààbọ̀.

2. Bí òjò bá ti fìdí múlẹ̀, ẹ rì í mọ́lẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà kan, kí ìkan jìnnà sí èkejì tó mítà kan.

3. Ewúrẹ́ àti àgùntàn ń jẹ ewé rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má gé gbogbo rẹ̀ fún wọn. Ẹ̀ka tó ti gbó ló ń tanná. Èyí tí a ń gé lemọ́lemọ́ kì í tanná. Ẹ ya ìlà kan sọ́tọ̀ fún ẹran, kí ẹ ya òmíràn sọ́tọ̀ fún oyin.

4. Ẹ má jẹ́ kí ọmọdé fi èso tàbí èèpo rẹ̀ sẹ́nu. Májèlé eku ni wọ́n ń fi í ṣe níbi tó ti ṣẹ̀ wá.

Agunmániyè nìkan kò tó. Ẹ dá ewúro sí kó tanná, ẹ gbin òtíílí, ẹ má sì ro ewé Akíntọ́lá kúrò nínú ọyẹ́ kí òdòdó rẹ̀ tó tán. Nítorí ìgbà òjò ńlá, tí òdòdó máa ń wọ́n, ẹ má gé gbogbo afárá tán nígbà tí ẹ bá ń kó oyin.

Ànábì wa kọ́ wa pé ohun tí Mùsùlùmí bá gbìn, tí ènìyàn, ẹyẹ tàbí ẹranko bá jẹ níbẹ̀, sàárà ni fún un. Kí Ọlọ́hun jẹ́ kí ilẹ̀ àwọn ọmọ wọ̀nyí so èso rere fún wọn. Āmīn.